Ohùn Tí Wọ́n Tì Mọ́ Abẹ́ Pákó

Ìṣó mẹ́ta ló ká láàárọ̀ Mọ́ńdè yẹn kó tó rí ìwé ìpolówó náà kàn. Ọkùnrin tó ti ń fi òòlù jẹun láti ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń pè ní Bàbá Ìṣó, ìṣó kì í sábà ká mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó gbọn ọwọ́, ó mú ìkẹrin, ó gbá a wọlé, ó wá sún sẹ́yìn láti wo iṣẹ́ rẹ̀.

Ìwé gbàǹgbà ni, pupa àti dúdú. Gbogbo ohun tí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà fẹ́ ṣe lọ́sẹ̀ náà ló wà níbẹ̀: àfihàn àwòrán àti ère ní Tọ́sìdeè, ijó ní Fúráìdeè, eré olórin lọ́sàn-án Sátidé. Nísàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà tó tóbi ju ìyókù lọ, orúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wà níbẹ̀.

Idẹ ni wọ́n ń pè é láti kékeré, torí ohùn rẹ̀. Bó bá pariwo nínú ilé, ṣíbí á dún nínú abọ́. Ó ti pé ọmọ ogún ọdún báyìí, ó ti wọ ọdún kẹta nínú ẹ̀kọ́ orin. Àlejò mẹ́ta sì ń bọ̀ ní Sátidé láti ilé-ẹ̀kọ́ orin kan lókè òkun. Wọ́n á jókòó níwájú, wọ́n á gbọ́, wọ́n á mú akọrin kan ṣoṣo lọ fún ọdún mẹ́rin. Gbogbo ẹ̀ka ló ti mọ ẹni tí wọn máa mú, àfi àwọn àlejò fúnra wọn.

Aago mẹ́wàá ni ìdánrawò. Bàbá Ìṣó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, ó ń tún àtẹ̀gùn kan tó ń mì ṣe, nígbà tí Idẹ jáde sí àárín gbùngbùn, síbi tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì funfun sàmì sí. Dùùrù bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà mí sínú, ó la ẹnu.

Kò sí nǹkan kan.

Ẹni tó ń tẹ dùùrù rò pé òun ló yára jù, ó tún un bẹ̀rẹ̀. Idẹ tún la ẹnu. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, ètè rẹ̀ ń pe ọ̀rọ̀ orin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé gíláàsì tó nípọn wà láàárín òun àti gbogbo wọn. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín láti ẹ̀yìn, ó rò pé àwàdà ni. Ìgbà tí omijé bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú ọmọ náà ni ẹ̀rín yẹn kú.

Olùkọ́ Orin, obìnrin gíga kan tí kì í pariwo, pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ó tó. Idẹ, sọ̀ kalẹ̀, lọ mu omi. Tẹ́ẹ́rẹ́, máa bọ̀."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n Olùkọ́ Orin ni Tẹ́ẹ́rẹ́. Òun ló kọ́ orin kan náà sílẹ̀, bí ohunkóhun bá lọ ṣe Idẹ. Ó gun orí ìtàgé, ó dúró lórí àmì funfun kan náà, ó sì kọ orin náà geere láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Bàbá Ìṣó wo Olùkọ́ Orin. Obìnrin náà ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn wo ibi tí Idẹ gbà jáde.

Níbi ẹ̀rọ omi tó wà níta ló ti bá ọmọ rẹ̀. Ohùn ti ń padà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ kòtò.

"Dádì, ẹnì kan fi ọwọ́ dí mi lẹ́nu."

"Ta ni?"

"Mi ò mọ̀. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n lára. Ọwọ́ tó gbóná, tó rọ̀." Ó nu ètè rẹ̀ bí ẹni fẹ́ nu nǹkan kúrò. "Dádì, ẹ̀rù ń bà mí."

*

Dókítà méjì ló tan iná wo ọ̀fun rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Bó bá wà nílé, ó ń sọ̀rọ̀. Bó bá wà lójú ọ̀nà, ó ń sọ̀rọ̀. Bó bá ti gun orí ìtàgé, ẹnu rẹ̀ á di ihò lásán. Lẹ́yìn ìgbà kẹta tó gùn ún, ohùn tó ń bá a padà wálé bẹ̀rẹ̀ sí í kéré sí i. Ní alẹ́ Túsìdeè, bó bá fẹ́ tọrọ omi, ó ní láti na ìka sí ife.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Bàbá Ìṣó ti rí ohun tó jẹ́ kó mọ̀ pé iṣẹ́ dókítà kọ́ lèyí. Wọ́n ránṣẹ́ pè é sí gbọ̀ngàn àfihàn láti gbé àwòrán kọ́ ògiri. Òun ló kan gbogbo férémù wọn, nǹkan bí ogójì. Èyí tó gbẹ̀yìn ni àwòrán Idẹ, tí akẹ́kọ̀ọ́ ayàwòrán kan yà níbi tó ti ń kọrin, tó gbé orí sókè, tó la ẹnu gbàgà.

Ọ̀dà ẹnu náà ti ṣí kúrò lára aṣọ tí wọ́n ya àwòrán náà sí. Gbogbo ọ̀dà tó kù wà bó ṣe wà, ojú, irun, ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, gbogbo rẹ̀ ń dán. Ibi ẹnu nìkan ló ti bó, tó rọ̀ sílẹ̀ bí èèpo alùbọ́sà.

"Ẹ má bínú, Bàbá Ìṣó," ni ayàwòrán náà wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti tún un kùn. Láti àná. Mo ti pààrọ̀ ọ̀dà, mo ti pààrọ̀ búrọ́ọ̀ṣì. Bí mo bá ti yíjú báyìí, á bó."

Bàbá Ìṣó fi ìka kan èèpo ọ̀dà náà. Ó gbé àwòrán náà kọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé oníṣègùn ni bàbá tó bí i. Oníṣègùn gidi, tí àwọn èèyàn máa ń wá bá ní ìkọ̀kọ̀, tí wọ́n ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà tó rí bí wọ́n ṣe gbé ọkùnrin kan wá, tó ń pọ̀ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jáde bí èébì, tí kò lè dákẹ́, tí kò lè sùn, títí tó fi kú. Bàbá rẹ̀ wo ọkùnrin náà, ó ní, "Iṣẹ́ mi nìyí." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ kejì ni ọmọ náà kó ẹrù rẹ̀, ó lọ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Àpótí páànù kékeré kan ṣoṣo ló gbà lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, kò sì tíì ṣí i rí.

*

Nílé, ẹ̀rọ ìránṣọ ò dákẹ́. Ìyá Idẹ ló ń rán gbogbo aṣọ eré fún tíátà yunifásítì. Aṣọ ọ̀sẹ̀ náà ti kún pálọ̀ débi pé èèyàn ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Ó jókòó láàárín wọn, ó tẹ orí ba, ó ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ.

"Ìyá Idẹ, ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ti kọjá ọ̀fun dídùn."

"Mo ti po oyin pọ̀ mọ́ omi gbígbóná fún un."

"Mo ní ó ti kọjá ìyẹn. Ẹnì kan wà nídìí ẹ̀."

Ẹ̀rọ dúró. Obìnrin náà já òwú pẹ̀lú eyín, ó sì wo ògiri tí fọ́tò àkọ́bí wọn wà. Ọdún kẹsàn-án rèé tí ọmọkùnrin náà ti lọ sókè òkun. Ọdún méjì àkọ́kọ́, ó ń pè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di oṣooṣù. Nígbà tó yá, wọ́n pe nọ́ńbà náà, àjèjì kan gbé e, ó ní òun ò mọ ẹni tí wọ́n ń bèèrè. Láti ìgbà náà, wọn ò gbọ́ gbúròó rẹ̀ mọ́.

"Bí kò bá wá kọrin mọ́ ńkọ́, Bàbá Idẹ?" Ohùn rẹ̀ kéré. "Ṣé ó kú ni? Ṣebí ó ṣì wà lójú wa?"

"Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn?"

"Mo kàn sọ ọ́ ni." Ó ti tún ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin náà rò pé ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ó jáde síta, ó wọlé, ó tún jáde. Ó tú ilẹ̀kùn ilé ìdáná tí kò ṣe nǹkan kan, ó tún un kàn padà.

*

Wẹ́sìdeè ló gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dá a lójú. Ó gbé àga kan tó tún ṣe lọ sí ọ́fíìsì Olùkọ́ Orin. Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, obìnrin náà ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"Rárá. Mo ní ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ títí di Sátidé. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe."

Àga náà wúwo lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì. Ó gbé e sílẹ̀ síbẹ̀, kò kan ilẹ̀kùn, ó padà sẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ ti tò pọ̀ nínú orí rẹ̀: ọmọ ẹ̀gbọ́n obìnrin náà tó ti kọ́ orin sílẹ̀, ìpàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan yẹn, ojú tí kò bojú wẹ̀yìn. Ọ̀nà ilé kọ́ ló gbà. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ìlú, sí òpópónà àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe. Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé wọn tí kò ní ju fèrèsé kan lọ. Obìnrin arúgbó kan ń gbé ibẹ̀ láàárín ìgò àti egbòogi. Ó ti kọ́ṣẹ́ ìṣègùn lọ́dọ̀ bàbá Bàbá Ìṣó rí.

"Ọmọ ọ̀gá mi," ni Ìyá Eléwé wí, láìgbé orí sókè. "Ó lé lógún ọdún. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, ìyá. Ohùn ọmọ mi ló sọnù."

"Ohùn kì í sọnù. Wọ́n á gbé e sí ibì kan ni." Ó ń já ewé kan lára igi rẹ̀. "Níbo ló ń dúró sí tó bá ń lọ?"

"Lórí ìtàgé. Lójú ibì kan náà."

"Wo abẹ́ ibẹ̀. Bí o bá rí ohunkóhun, gbé e wá. Má fi ọwọ́ lásán gbé e."

*

Láàárọ̀ Tọ́sìdeè, gbogbo èèyàn ti lọ síbi àfihàn. Láti inú tíátà tó ṣófo, Bàbá Ìṣó ń gbọ́ ìpàtẹ́wọ́ wọn láti gbọ̀ngàn kejì, bí òjò tó ń rọ̀ sórí òrùlé ẹlòmíràn. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn gba fèrèsé òkè wọlé, ó dúró gangan lórí àmì funfun.

Òun ló kan pákó náà. Ó mọ iye ìṣó tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kúnlẹ̀, ó rí i pé ìṣó méjì lára èyí tó wà lábẹ́ àmì náà kì í ṣe tirẹ̀. Tín-ín-rín ni wọ́n, ẹni tí kò mọ òòlù í lò ló gbá wọn, wọ́n wọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ó fà wọ́n yọ. Pákó náà gbé ara rẹ̀ sókè díẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án. Ìyẹn ló jẹ́ kó sáré sún sẹ́yìn, tó jókòó mọ́ ilẹ̀.

Nínú erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ ni àpò dúdú kékeré kan wà. Wọ́n fi ọwọ́ rán an, ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ kéré, ó sún mọ́ra, ó tò dáadáa. Ó fi àkísà gbé e. Ó yà á lójú bó ṣe gbóná. Nígbà tó ya ẹnu rẹ̀ díẹ̀, ó rí àgádágodo irin kan, tí wọ́n tì mọ́ irun orí. Ó mọ irun náà. Òun fúnra rẹ̀ ti di irun yẹn rí, lọ́dún tí ìyá ọmọ náà wà nílé ìwòsàn.

Ó fi etí sún mọ́ ọn. Ohun tó gbọ́ kéré gan-an, ó jìn, ó sì mọ̀ ọ́n. Orin Sátidé ni.

*

Ìyá Eléwé wo àgádágodo náà fún ìgbà pípẹ́. Ó gbóòórùn aṣọ rẹ̀. Ó fi ìka tọ ojú abẹ́rẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wá wo Bàbá Ìṣó lójú.

"Ọwọ́ tó rán èyí ò bínú," ló wí.

"Ìyá, mo mọ ẹni tó ṣe é."

"O mọ̀ ọ́n?"

"Mo fi etí mi gbọ́."

Obìnrin náà gbé e fún un padà. "Ọ̀nà méjì ló wà. Ìkíní ni kí o wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó tì í ló máa wà. Bẹ̀ ẹ́, bá a jà, jí i, ohun tó bá wù ọ́, ṣáà ti ṣí i. Ohùn á padà, gbogbo ẹ̀ á tán síbẹ̀."

"Ọ̀túnla ni Sátidé, ìyá. Obìnrin yẹn ò ní fún mi."

"Èkejì ni ìdápadà. Ọ̀gá mi fi í sílẹ̀ fún ọ, mo mọ̀, èmi ni mo dé àpótí náà. Ṣùgbọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa, ọmọ ọ̀gá mi. Ohun tí èèyàn bá dá padà kì í ní kọ́kọ́rọ́. Bó bá ti wọlé tọ ẹni tó rán an, ó ti wọlé nìyẹn. Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́. Bàbá ẹ náà ò mọ̀ ọ́n."

"Kó wọlé tọ̀ ọ́." Ó yà á lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn lẹ́nu rẹ̀ tó. "Kó yadi. Kó mọ bó ṣe ń rí."

Arúgbó náà yíjú sí ewé rẹ̀. "Ohùn bàbá ẹ nìyẹn," ló wí.

Nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìn tíátà, Bàbá Ìṣó ti ilẹ̀kùn, ó fi òòlù fọ́ ẹnu àpótí páànù. Ìyẹ̀fun pupa àti ìwé kan tí bàbá rẹ̀ kọ ló wà níbẹ̀. Ó bu omi sínú ike tó fi ń po ọ̀dà, ó da ìyẹ̀fun sí i, ó gbé àgádágodo sínú rẹ̀, ó sì ka ohun tó wà nínú ìwé náà ní ohùn jẹ́jẹ́.

"Ẹni tó tì ọ́, òun ni kí o tì. Ilé tí o ti jáde, ibẹ̀ ni kí o wọ̀. Má yà lọ́tùn-ún, má yà lósì, má ṣojú àánú."

Fún ìgbà díẹ̀, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà àgádágodo náà yí nínú omi bí ẹja, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ike ò jò. Nígbà tó gbẹ tán, irin náà ti dípẹtà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bíi pé ó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún nínú ẹrẹ̀. Irun tó wà lẹ́nu rẹ̀ ti pòórá.

Kò lọ sílé. Ó gbá ṣọ́ọ̀bù, ó tún un gbá. Ó dùbúlẹ̀ sórí àkójọ pákó, kò sì sùn.

*

Láàárọ̀ Fúráìdeè, Idẹ ti ilé wá fúnra rẹ̀, ó gun orí ìtàgé, ó dúró lórí àmì funfun, kò tiẹ̀ dúró de dùùrù. Ohùn náà jáde bí omi tó já ìdènà. Àwọn oníjó tó ń na apá na ẹsẹ̀ lẹ́bàá ògiri dìde. Ayàwòrán sáré wọlé láti gbọ̀ngàn kejì, ọ̀dà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ké pé, "Ẹnu ẹ̀ ti mú ọ̀dà! Ẹ wá wò ó, kò bó mọ́!" Wọ́n pariwo, wọ́n gbé ọmọ náà sókè.

Bàbá Ìṣó ò wò wọ́n. Ẹnu Olùkọ́ Orin ló ń wò.

Ẹnu náà là. Ọkùnrin náà dúró de ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó máa jáde níbẹ̀.

"Ẹ ṣé o, Olúwa!" ni Olùkọ́ Orin ké, ohùn rẹ̀ ròkè lálá. Ó rí Bàbá Ìṣó, ó sì sáré bá a, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Omijé wà lójú rẹ̀. "Bàbá Idẹ, ẹ ò mọ ohun tí ojú mi rí lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n ní kí n yọ orúkọ ọmọ yín kúrò, kí n fi ti Tẹ́ẹ́rẹ́ síbẹ̀. Mo ní rárá, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ títí di Sátidé, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Mi ò lè wo ojú ọmọ yẹn lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹkún ló ń gbọ̀n mí."

"Ẹ lè sọ̀rọ̀," ni Bàbá Ìṣó wí.

"Ẹ ní kí ni?"

"Kò sí. Kò sí, mà."

Tẹ́ẹ́rẹ́ ń rẹ́rìn-ín lórí ìtàgé, ó ń pe orúkọ Idẹ. Òun náà ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń tẹ dùùrù ń sọ̀rọ̀. Gbogbo ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti bà lé ló ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan wá yọ sí i lọ́kàn, ó sì dúró síbẹ̀: *Ilé tí o ti jáde, ibẹ̀ ni kí o wọ̀.* Ó rántí ojú abẹ́rẹ́ kéékèèké tó sún mọ́ra, tó tò dáadáa.

Bó ṣe dé ilé, kò lè sọ. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń lọ.

"Ìyá Idẹ."

Ẹ̀rọ ń lọ.

"Ìyá Idẹ, dá mi lóhùn."

Obìnrin náà gbé ẹsẹ̀ kúrò. Kò sí aṣọ kankan lábẹ́ abẹ́rẹ́ náà. Ó ti ń rán afẹ́fẹ́ láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó la ẹnu, ètè rẹ̀ sì pe orúkọ rẹ̀ láìsí ìró. Ó na ọwọ́ sí ìdí aṣọ rẹ̀, ó tú okùn kan, ó gbé kọ́kọ́rọ́ kékeré kan sí àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin náà.

Bàbá Ìṣó sáré padà sí ṣọ́ọ̀bù. Kọ́kọ́rọ́ náà wọ ojú ihò dáadáa. Nígbà tó yí i, ó ṣẹ́ sínú rẹ̀.

*

Àwọn tó wà ní tíátà lọ́sàn-án Sátidé ṣì ń sọ nípa rẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí Idẹ parí orin ìkẹyìn, kò sẹ́ni tó rántí pàtẹ́wọ́ fún bí ìṣẹ́jú kan. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú, bó ṣe máa ń wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Ó di aṣọ ìkélé náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Àwọn àlejò mẹ́ta náà ò tiẹ̀ jókòó gbèrò. Wọ́n lọ bá ọmọ náà lórí ìtàgé lójú gbogbo èèyàn.

Idẹ mú ìwé tí wọ́n fún un wálé, ó gbé e sórí tábìlì, kò sì ṣí i.

"Mi ò lọ," ló wí.

"Kí ló dé?" ni bàbá rẹ̀ bèèrè.

"Ẹ bi mí pé kí ló dé? Dádì, Màmá ò lè sọ̀rọ̀! Àná ni gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ ò tíì gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà kankan. Ta ni mo fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀ fún? Bùọ̀dá ti lọ, wọn ò padà. Kí èmi náà lọ?" Ó lọ kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀, ó gbé orí lé e lẹ́sẹ̀. "Mo máa wà lọ́dọ̀ yín, Màmá. Mi ò lọ síbì kankan."

Bàbá Ìṣó rí ojú ìyàwó rẹ̀ nígbà yẹn. Ohun tó fẹ́ ló gbà yìí, gẹ́lẹ́ bó ṣe fẹ́ ẹ, orí ọmọ rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ obìnrin náà gbéra láti fọwọ́ pa irun ọmọ náà, ó sì dúró lófuurufú. Lára irun yẹn ló ti gé.

Ó rọra gbé orí ọmọ náà kúrò. Ó dìde, ó lọ sídìí ẹ̀rọ, ó mú pẹ́ńsùlù àti ìwé tó ń kọ ìwọ̀n aṣọ sí. Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán. Ó ya ojú ìwé náà, ó gbé e fún Idẹ.

*Èmi ni mo ti ohùn rẹ. Mo gé irun rẹ lójú oorun. Mo rò pé bí o bá lọ, o ò ní padà. Ohun tó ń ṣe mí kì í ṣe àìsàn. Má tìtorí mi dúró. Máa lọ.*

Ọmọ náà kà á. Ó tún un kà. Ó wo bàbá rẹ̀, bí ẹni tó ń retí kó sọ pé irọ́ ni.

Ọkùnrin náà lè dákẹ́ síbẹ̀. Ó mọ̀ pé òun lè dákẹ́, kí gbogbo ẹ̀ di ti obìnrin yẹn nìkan. Ó jókòó sórí aṣọ eré tó wà nílẹ̀.

"Òótọ́ ni," ló wí. "Èmi ni mo sì dá a padà sí i. Mo rò pé ẹlòmíràn ni. Ìyá Eléwé kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́. Ohùn ìyá ẹ, èmi ni mo gbà á."

Idẹ wo àwọn méjèèjì, láti ojú kan sí ìkejì, bíi pé ó wọ ilé àwọn tí kò mọ̀ rí. Ó ká ìwé ìyá rẹ̀ mọ́ ìwé àwọn àlejò. Ó kó aṣọ mélòó kan sínú báàgì, ó lọ sílé Olùkọ́ Orin, ibẹ̀ ló sì wà títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fi pé tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Olùkọ́ Orin ló sìn ín.

*

Idẹ ń pè ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè. Bàbá rẹ̀ ló ń pè. Á sọ pé òtútù pọ̀, pé àwọn olùkọ́ le, pé òun ń jẹun dáadáa. Bàbá Ìṣó á ní, "Ìyá ẹ wà níbí o," ọmọ náà á ní òun ní iṣẹ́ láti ṣe, á sì gé e. Báyìí ni oṣù méje ṣe lọ. Obìnrin náà ń rán aṣọ, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Bí fóònù bá dún lọ́jọ́ Sọ́ńdè, á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, á gbé e padà tí ìpè bá parí.

Ní Sọ́ńdè kan, lẹ́yìn tí Idẹ ti kí bàbá rẹ̀ tán, bàbá náà gbọ́ bí ọmọ náà ṣe mí kanlẹ̀.

"Dádì, ẹ gbé fóònù fún wọn."

Ó gbé e lọ síbi ẹ̀rọ. Obìnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀ nù lára aṣọ kó tó gbà á, ó sì gbé e sétí. Bàbá Ìṣó ò gbọ́ ohun tí ọmọ náà ń sọ. Ohun tó rí ni pé ìyàwó rẹ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó dúró díẹ̀, ó ń gbọ́, ó tún mi orí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí aṣọ tó ń rán. Ó ń mi orí, ó ń mi orí, bíi pé ọmọ náà ń rí i.